Ọwọ́ Tí Mo So Mọ́ Igi Iṣu

Gbéminíyì ọmọ mi,

Bí o ti jí ní Bìní lónìí, kí ire jí pẹ̀lú rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ ní Airport Road tí o ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, èkejì ò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún mi tí àdá ṣá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń kọ ọ́, ẹ̀rù sì ti ń bà mí pé ìka mi ò ní mọ nǹkan kan lára mọ́ láyé. Àlàyé tí o ṣe lórí fóònù yé mi dáadáa. O ní iṣan tó ń jíṣẹ́ ìka fún ọpọlọ ló gé, pé láti ìgbà tí dókítà ti rán an ló ti ń hù bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àti pé nǹkan bíi gọ́ọ̀mù wà lára òun àti lára ọ̀nà tó ń gbà, òun ló fi ń di ọ̀nà mú títí yóò fi kan ibi tó yẹ kó dì mọ́, òun náà lẹ sì ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ yín.

Nítorí náà, ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí ọṣẹ ti kan ọwọ́ yìí gbẹ̀yìn, kí gọ́ọ̀mù má baà ṣí. Ìyá rẹ ní òun ò bá mi jẹun nínú àwo kan mọ́, mo ní àìkàwé ló ń dà á láàmú. Ilá ni mò ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ohun tó ń hù máa ń wá ibi tí yóò fà mọ́, mo na ọwọ́ náà sókè, mo so ó mọ́ igi tí iṣu ń fà mọ́ lóko, mo jókòó tì í títí di ọ̀sán. Akínwùmí aládùúgbò wa rò pé ẹnì kan ló dè mí, ó fẹ́ lọ pe ọlọ́pàá.

Ibẹ̀ ni èèrà ti gun ọwọ́ mi lánàá, ó sì bu àtàǹpàkò mi jẹ. Ó dùn mí, Gbéminíyì. Mo pariwo, mo sì sunkún, nítorí ó ti tó oṣù márùn-ún tí ohunkóhun ti dùn mí níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo bẹ ìyá rẹ kó fi eyín bù ú jẹ kí n lè mọ̀ dájú, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́. Àwọn ìka yòókù ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Jọ̀wọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí n wá sí Bìní. Kí Olúwa má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ já sí asán. Nígbà tí o wá ṣọdún Kérésì, mo gbé ọwọ́ yìí lé ọ lórí ṣàdúrà bí mo ti ń ṣe láti kékeré rẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára pé orí ọmọ mi ni mo gbé e lé. Lọ́jọ́ tí mo bá dé, má ṣe wé gèlè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàndé