Agolo Iyọ̀ Gbígbẹ

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọ̀gbẹ́ni Ìwọ̀n gbé agolo òfìfo kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan, kò gbọdọ̀ gbọ́. Ọkùnrin tó máa ń wọn iyọ̀ ọbẹ̀ kí n tó dà á síkòkò. Òun ló ń po oògùn nílé ìwòsàn.

Agolo náà dára, ìdérí rẹ̀ le. Mo ní ìrẹsì ni màá kó sí i. Ó ní kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, iyọ̀ magnẹ́síọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà sí ara aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, kí gìrì má bàa mú un. Èyí tí wọ́n ti pò tán sínú ìgò kò wá mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń pò ó báyìí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa wọn èjìká mi fún bùláòsì. Oyún oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ wú, sálúbàtà kò gbà á mọ́, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti sanra o. Ẹ má sọ pé téèpù mi ló ń súnkì." Ìyá rẹ̀ ń bá a fọwọ́ ra ẹsẹ̀, ó ń kùn pé kó dìde nídìí ẹ̀rọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n gbé Aránṣọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkọ mi ní kí ìyá rẹ̀ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ òun ni oògùn rẹ̀ máa ti wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Móòlù la ṣe ní kíláàsì kẹ́mísìrì, ọ̀nà tí a fi ń ti ara ìwọ̀n ka èérún. Àwọn ọmọ yìí kórìíra rẹ̀ bí oògùn kíkorò. Mo gbé agolo wa lọ. Mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n sọ iye gíráàmù tó wà nínú móòlù kan. Magnẹ́síọ̀mù 24. Sọ́fọ̀ 32. Ọ́síjìn mẹ́rin, 64. Àpapọ̀, 120. Gbogbo wọn rí i gbà, títí kan àwọn tó máa ń sùn lẹ́yìn.

Mo ní ẹni tó bá mọ gíráàmù, kó fi 120 pín in, ó ti di móòlù. Kó wá fi 602 tí òdo mọ́kànlélógún tẹ̀lé sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti ka èérún tí ojú kankan kò lè rí. Mo gbádùn ara mi gan-an lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọkọ mi ní Aránṣọ ń sùn ṣáá. Nọ́ọ̀sì fi òòlù kékeré lu orúnkún rẹ̀ wò, ẹsẹ̀ kò ta. Ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. A kò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán ni mo ti ń fi àwọn ọmọ kíláàsì mi yangàn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọgọ́fà kẹ̀? Igba ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ọ̀gá mi àtijọ́ ló kọ ọ́ sára ògiri yàrá wa." Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun. Mo lọ gbé agolo. A jọ kà á. Iyọ̀ gbígbẹ, kò ní omi.

Iyọ̀ ti ayé ọ̀gá yẹn ní omi nínú, omi méje mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jọ ìyẹ̀fun lójú. Omi yẹn ló sọ ọ́ di 246. Èyí tuntun ti gbẹ. Ẹni tó bá ń ra ẹja tútù kílò kan tẹ́lẹ̀, tó wá lọ ra ẹja gbígbẹ kílò kan, ẹja tó gbé délé á pọ̀ ju ti àná lọ fíìfíì. Dókítà ń kọ móòlù, ọkọ mi ń fi 246 sọ ọ́ di gíráàmù, ó ń wọ̀n ọ́n pé pérépéré. Ìlọ́po méjì ló ń wọ ara àwọn obìnrin yẹn. Òun ló fa oorun Aránṣọ àti ẹsẹ̀ tí kò ta.

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, ó sáré jáde. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Aránṣọ kú ní ìdájí. Èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, ó dúró. Wọ́n ti gbé ọmọ jáde. Obìnrin. Ó wà láàyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo bi í pé kí ni dókítà sọ lọ́jọ́ Àìkú tí ó fi tó o létí. Ó ń wo èékánná rẹ̀. Ó ní òun da gbogbo èyí tí òun ti pò nù, òun yọ ìgò tó wà lára Aránṣọ, òun fi tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ tọ́ rọ́pò rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún wọn?" Ó mi orí pé rárá.

Oògùn tó ń pa agbára magnẹ́síọ̀mù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Kálísíọ̀mù ni, abẹ́rẹ́ kan báyìí. Dókítà ì bá fún un lójú ẹsẹ̀ ká ní ẹnì kan la ẹnu. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo ṣírò rẹ̀. Nínú gíráàmù mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ fún un nìkan, èérún tó lé jẹ́ 1 tí òdo méjìlélógún tẹ̀lé. Mo kọ àwọn òdo náà tán lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọkọ mi ní òun ti pa 246 rẹ́ lára ògiri, òun ti kọ 120. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ní kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu tún fẹ́ ṣe fún ẹni tó ti kú, bí kò ṣe kó fi ẹni tó wà láàyè sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó wọn iyọ̀ ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì kórìíra rẹ̀, nídìí ààrò kan náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìyá Aránṣọ gòkè wá bá mi. Ọmọ lọ́wọ́ kan, bùláòsì mi lọ́wọ́ kejì, apá kan ni wọ́n rán, pínnì ṣì wà lára ìkejì. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ohun oní-nǹkan sọnù.

Wọ́n ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ yín, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí àbúrò wọn." Wọ́n na bùláòsì náà sí mi. "Èmi ni mo pa ọmọ mi, Tíṣà. Ká ní mo lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn ni, ì bá wà láyé. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Mo kàn ń kùn ni."

Ọkọ mi wà ní yàrá, ó ń gbọ́. Mo dúró dè é. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Mà, ẹ jókòó. Kì í ṣe ẹ̀yin." Mo da ìrẹsì kúrò nínú agolo, mo gbé e síwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tí kò sí nínú iyọ̀. Wọ́n ń wò mí. N kò mọ èyí tó yé wọn.

Nígbà tí mo dé orí ọjọ́ Àìkú ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù.