Eyín Mi Ń Sùn Nínú Ife

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ ọmọ mi tí kì í jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ara tèmi le. Ẹnu mi náà ti ń jinná, ọ̀rọ̀ ẹnu yìí gan-an ló sì mú mi gbé gègé lónìí. Fara balẹ̀ kà á, má tíì bínú.

O rántí ọjọ́ tí mò ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sílé ọkọ mi tuntun. O ti ilẹ̀kùn yàrá, o wá rọra sọ pé, "Ẹ má jẹ́ kí bàbá yìí rí yín láìsí eyín òkè yẹn lẹ́nu láé o. Ọkùnrin ò lè gbàgbé irú ẹ̀." Èmi ìyá sì gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu! Láti ìgbà náà, n kò yọ eyín àtọwọ́dá yìí sùn rí. Ńṣe ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, màá sáré fọ̀ ọ́, màá dá a padà sẹ́nu.

Nígbà tó yá, àjà ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bíi pé mo fi ata fọ ẹnu. Òórùn dé. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo bá ń da omi gbígbóná lé eyín náà lórí, ló bá wọ́, ló ń gún mi lérìgì. Tí a bá fẹ́ sùn, màá kọjú sí ògiri, màá pa ẹnu dé. Ọkọ mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn mi ló wá ń bá sọ̀rọ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ. Obìnrin ni, ó lè jẹ́ àbúrò rẹ. Ó tanná sí mi lẹ́nu, ó ní àjà ẹnu mi ti di pupa fòò, pé kòkòrò ń gbádùn ara wọn lábẹ́ eyín tí kì í kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ máa ń wọ bàtà sùn ni?" Mo ní rárá o. "Kí ló wá dé tí ẹnu yín ò gbọdọ̀ sinmi?" Ó fún mi ní oògùn tí màá máa fi pa àjà ẹnu, ó bá mi tún eyín náà ṣe. Ó ní kí n máa yọ ọ́ lálaalẹ́, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Ó ní kí n má gbàgbé èrìgì, ahọ́n, àti eyín ìsàlẹ̀ tó jẹ́ tèmi gan-an.

Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni inú ń bí mi. Ẹnu ta ni? Ṣebí ẹnu mi ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi ń wo ìròyìn ní pálọ̀. Mo yọ eyín, mo jù ú sínú ife omi, mo gbé e ka tábìlì níwájú rẹ̀. N kò fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Bí mo ṣe rí nìyí. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹnu ọ̀nà nìyẹn." Mo gbàgbé pé ilé rẹ̀ ni.

Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó wo ife, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ṣé torí èyí lo ṣe ń kẹ̀yìn sí mi? Mo rò pé o ti kábàámọ̀ pé o fẹ́ mi ni. Mo ti fẹ́ sọ fún ẹ pé tó o bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ, mi ò ní bínú."

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́, n kò sì bá ọ jà. Ṣùgbọ́n n kò ní gba irú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ tàbí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn títí ọ̀fun wa fi gbẹ.

Kí ilé rẹ tòrò. Kí ọmọ rẹ dàgbà, kó tọ́jú rẹ. Kí ohunkóhun má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí ń fara pamọ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹlẹ́rìn-ín
(orúkọ tí ọkọ mi ń pè mí báyìí nìyẹn).

Mo tún rántí: o ní kí n fi fọ́tò àwa méjèèjì ránṣẹ́. Òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Ife náà wà lórí tábìlì, mò ń rẹ́rìn-ín, ẹnu mi sì là sílẹ̀ gbayawu. Pálọ̀ ni kí o gbé e kọ́ sí, níbi tí àlejò yóò ti rí i.