Wọ́n Ní Ìfẹ́ Ló Fi Gbá A Létí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Onídìrí ni mí, àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ilé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn ló gbá a létí torí pé ó kọ̀ láti bá a ṣọ̀rẹ́. Ọmọ mi sì ti fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá ilé ìwé.

Ìyá kan tí mò ń dirun fún lọ́wọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ó fẹ́ràn rẹ ni, jàre! Lọ bá a bẹ ọ̀gá yín."

Ọmọ mi ní, "Ẹ má bínú, mà. Kí màmá mi tó fa irun yín, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá ó máa dùn yín. Ọmọkùnrin yẹn ò bi mí."

Olóòtú, orí mi wú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ!

Àwọn oníbàárà ní ẹnu rẹ̀ ti mú jù, pé kò ní í rọ́kọ fẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ní kó panu mọ́ ni?

Ṣùgbọ́n ìyá tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí padà wá lánàá. Kò wá dirun. Ó rọra ní, "Ọmọ yẹn dà? Ẹni tó ń gbá mi létí nílé ò bi mí rí."