Òpó Tó Yọ Ikùn

Baálé mi, olówó orí mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Ẹ fi han olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà. Ara mi le, ìrìn àjò wa dùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Àwọn òpó òkúta àtijọ́ tí ọmọ-ọmọ wa àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ́ nípa wọn nílẹ̀ òkèèrè yìí, wọn ò dúró ṣánṣán o! Mo di ojú kan, mo wò wọ́n bí ẹ ṣe ń wo ògiri. Wọ́n yọ ikùn láàárín! Ẹ̀yin bíríkìlà tẹ́ ẹ wó odindi ògiri nítorí ó fi ìka kan tẹ̀! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni mo bá pariwo: "Bíríkìlà wo ló kọ́ eléyìí?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ní, "Màmá ríran. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bó bá tọ́, ojú á máa rí i bíi pé àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú."

Ẹ ò rí nǹkan! Tiyín ì bá jẹ́ àbùkù, tiwọn di ọgbọ́n.

Ó wá béèrè pé, "Ta ló ni màmá yìí?"

Ọmọ-ọmọ wa tẹjú mọ́ ìwé tó ń ya àwòrán sí. Mo ní mo kàn ń kọjá lọ ni.

Ẹ má bá a wí o, oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́n náà ni mo fi ń gbé báàgì rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Ọmọ ní kí n kí yín. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́.

Èmi ìyàwó yín, tí kò tíì tẹ̀.