Ìgbésí Ayé Màmá Ọmọ́ṣaléwá Akínbọ́lá, Ẹni Tí Ó Ń Dá Ọmọ Padà Sílé (1942–2016)

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a ti bí Màmá wa, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1942, sí ìdílé Ọnàfowókàn. Kàfíńtà ni bàbá wọn, ìyá wọn ń hun ẹní. Àwọn ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́fà. Wọ́n ka ìwé dé Standard Six ní 1956, ibẹ̀ ni ó mọ, nítorí ojú ìyá wọn ti ń ṣú, ẹnì kan sì ní láti wà nílé.

Ní 1961 wọ́n gba iṣẹ́ ní Ilé Ọmọ Òrukàn Ìrètí ní Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ni a ń kọ ọ́, a kò fi kún un. Nígbà náà, bí ọmọ bá dé, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á da aṣọ tí ó wọ̀ wá nù, wọ́n á fún un ní orúkọ tuntun láti inú Bíbélì. Yàrá gígùn kan ni ogójì ọmọ ń sùn sí. Àwọn tó ni ilé náà kò ní ibi lọ́kàn. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá gbàgbé ibi tí ó ti wá, ẹkún rẹ̀ á tán.

Ní 1964 wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́ta kan wá, Sìdí, tí ìyá rẹ̀ kú sí ọsibítù. Wọ́n sọ ọ́ di Dọ́káàsì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìyá àgbà kan wá láti Ìsẹ́yìn, ó dúró ní géètì, ó ní, "Sìdí mi dà?" Màmá ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n wo rẹ́jísítà, wọn kò rí Sìdí. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kò sí Sìdí níbí." Ìyá náà dúpẹ́, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ń dirun fún àwọn ọmọ, àfi bí wọ́n ṣe rántí pé orí Sìdí ló wà láàárín orúnkún wọn. Wọ́n sáré dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn ti lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá ìyá náà lọ sí Ìsẹ́yìn, wọn kò rí i.

Ní 1968 wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Japheth Akínbọ́lá, awakọ̀. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọmọ́ṣaléwá, àwọn ọmọ tiwa náà ń kí ẹ o, wọ́n ní ìgbà wo lo máa bẹ̀ wọ́n wò."

Ọ̀gá tuntun dé ní 1979. Wọ́n pín yàrá gígùn sí ilé kéékèèké, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ, ìyá kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí ọmọ bá gbé wá ni wọ́n ń pè é. Láti 1985, wọ́n á kọ́kọ́ wá ẹbí ọmọ ná. Màmá ni wọ́n ń rán. Wọ́n á máa béèrè láti ojúlé dé ojúlé. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n dá padà sílé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Méjì tún padà wá tòun ti àpá lẹ́yìn. Màmá kò fi èyí pamọ́. Wọ́n ní bí o bá dá ọmọ padà, padà lọ yọjú.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1997. Bàbá kú ní 1998. Ní 2001 wọ́n wá bá Títí, ọmọ wọn, ní Barnfield Estate ní Woolwich, ní ìlú ọba níbí, kí a tó kó wá sí Thamesmead ní 2012. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead West ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá nìyí. Kàfí, tó jẹ́ aládùúgbò wa nígbà tí a wà ní Barnfield, sáré lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá 2014. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá. Wọn kò jẹ́ kó wọlé padà síbí, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé. Màmá ló gba Munirat, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje. Ní gbogbo Sátidé wọ́n á mú un wọ bọ́ọ̀sì lọ ilé kéwú ní Woolwich, wọ́n á jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Bíbélì wọn, kò sẹ́ni tó lé wọn.

Òfin ibí ní bí ọmọ ọlọ́mọ bá pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, kí o sọ fún káńsù. A kò mọ̀. Nígbà tí a mọ̀, a dákẹ́. Màmá ní bí orúkọ ọmọ bá wọ ìwé wọn, ìwé ni yóò máa gbé e kiri.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n yí ohùn padà. "Títí, pè wọ́n." Títí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ara yín yá ná." Wọ́n ní, "Ìyá yẹn dúró ní géètì, mo ní kò sí. Ṣé ìwọ náà fẹ́ sọ pé kò sí ni?" Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kú. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Títí pe káńsù.

Obìnrin kan láti káńsù ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí fìríìjì, ó bá Munirat sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Munirat jáde, ó ní, "Auntie, ó ní ṣé mo ń jẹun dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ata yẹn too much." Láti ọjọ́ náà, ata gan-an ń bà wá lẹ́rù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ bóyá yóò wà lọ́dọ̀ wa títí ìwé ìyá rẹ̀ yóò fi jáde, tàbí wọ́n á gbé e fún àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n wa Amos pè láti Ìbàdàn: "Títí, ṣé orí rẹ pé? Ìwé ìsìnkú lo fẹ́ fi kó wa sí wàhálà?" A rò ó títí. A kọ ọ́.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ: Amos àti Títí, ọmọ, Sìdí ní Òṣogbo, tí wọ́n tọ́, Asher àti Moráyọ̀, ọmọ-ọmọ, àti Munirat, ọmọ Kàfí, tí ń bá wa gbé.

Obìnrin káńsù náà ní òun yóò wá síbi ìsìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má panu mọ́ bí ó bá wọlé. Ẹ fún un ní àga. Ohun tó bá béèrè, ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ, ẹ má bò wá láṣìírí.

Ẹ sùn, Màmá. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn ìrọ̀rùn fún yín. Àwa kò tíì lè sùn, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.