Ẹrẹ̀ Tó Wà Lára Vina

Abúlé wa,
Oṣù Shravan, ọjọ́ kejì lẹ́yìn òṣùpá tuntun.

Sí Vilas, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí a ti fojú kan ara wa kẹ́yìn. Mo bẹ Vithoba Ọlọ́run wa pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà rẹ méjèèjì ní Pune máa rí oníbàárà, kí eruku ìlú ńlá má sì ṣe ọ́ ní nǹkan. Ara tiwa náà le. Orókún ìyá rẹ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Òjò rọ̀ dáadáa, ọkà bàbà ti ga dé èjìká mi.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí ìwé lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ni mo pè ọ́ lórí fóònù, o kò gbé e, n kò sì dá ọ lẹ́bi. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́ abúlé wa, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan mọ́lẹ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Jọ̀wọ́, kà á dé ìparí kí o tó fà á ya.

Èyí tó ṣáájú ni pé mo ń jowú rẹ. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi tẹ̀lé Buva Rakhmaji, aṣáájú ẹgbẹ́ orin wa, rìn lọ sí Pandharpur, ìlú Vithoba, láìwọ bàtà. Èmi ni mò ń gbé àpò rẹ̀, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá lé ròrò. Kò sí orin rẹ̀ kan tí n kò mọ̀ lórí. Ìwọ rìn ní ìgbà mẹ́ta péré nígbà tí a wà lọ́mọdé, o wá bá tìrẹ lọ sí Pune. Lọ́dún yìí tí Buva wá sọ pé èjìká òun kò lè gbé vina, ohun èlò orin olókùn ẹgbẹ́ wa, mọ́, pé ọ̀dọ́ kan ni yóò máa gbé e ṣáájú báyìí, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo tilẹ̀ ti na èjìká sílẹ̀. Orúkọ rẹ ló pè.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Pune lọ́jọ́ náà ni, pẹ̀lú ọkọ̀ agbomi ńlá tí o fi owó rẹ háyà fún gbogbo wa. Kí ni èèyàn fẹ́ kí n rò? Mo tọ Buva lọ, mo bi í ní gbangba pé, "Buva, ṣé ọkọ̀ omi lẹ fi vina pààrọ̀ ni?" Kò bínú. Ó ní, "Kondiba, omi inú ọkọ̀ náà, ife mélòó lo mu láàárọ̀?" Mo ní ife mẹ́ta. Ó ní, "Ṣé ó korò?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ọrọ̀ tó bá ń ṣàn jáde kò lẹ́bi. Èyí tó bá dúró sójú kan ló máa ń rà, ìlara náà sì máa ń rà bẹ́ẹ̀. Lọ wẹ ẹnu rẹ." N kò wẹ ẹnu kankan. Mo kàn kúrò níwájú rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo tí o bá ṣe ló ń ta mí lára. Ẹsẹ̀ rẹ lé ròrò lọ́jọ́ kejì, nítorí bàtà ti bà á jẹ́, àwọn obìnrin tó ru ìkòkò efinrin sórí wá ń káàánú rẹ pé, "Ẹ wo ọmọ olówó tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán nítorí Ọlọ́run!" Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ tèmi ti ń lé, kò sẹ́ni tó pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ìyá mi fúnra rẹ̀ fi òróró àgbọn pa ẹsẹ̀ rẹ. Ìyá mi, Vilas! Nígbà tí o sì kọ orin Buva níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin lo kọ, o dákẹ́, àwọn èèyàn ṣì ń ṣọpẹ́ bí ẹni pé ó pé. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Màá sọ ìdí rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Èyí tí o kò mọ̀ nìyí. Ọjọ́ karùn-ún, a dé etí odò Nira, gbogbo èèyàn fẹ́ wẹ̀. Ìwọ náà mọ òfin wa pé láti ọjọ́ tí a bá ti kúrò nílé títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà Vithoba, vina kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, láti èjìká ẹnì kan bọ́ sí èjìká ẹlòmíràn ni. O tọ̀ mí wá, o fi orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ mi nílé pè mí, o ní, "Kondya, bá mi gbé e. Kò sẹ́lòmíràn tí ọkàn mi balẹ̀ sí." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n lójú mi, ọba ló ń gbé adé fún ẹrú kó bá òun dì í mú. O gbé àpò rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, o bọ́ sódò.

Fóònù rẹ dún nínú àpò náà. Ó dákẹ́, ó tún dún. Vilas, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àbùkù kan nínú owó rẹ, bó tilẹ̀ kéré bí ẹyọ ìrẹsì. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ń pè ọ́, bóyá olè kan ni, bóyá obìnrin kan. Ọwọ́ kan kò sì lè ṣí àpò náà. Mo wò yíká. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo gbé vina ti gbòǹgbò igi dóńgóyárò, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tú àpò ọ̀rẹ́ mi wò.

Ìyá rẹ ló ń pè. Lábẹ́ fóònù náà ni mo ti rí ìwé kan tí o fi ọ̀rá wé. Nígbà tí mo tú u, ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni mo rí. Orin Buva tí mo dà kọ fún ọ nígbà tí a wà ní ìwé kẹjọ ni, nítorí orí rẹ kì í di orin mú. Ó ti ya níbi tí o ti máa ń ṣẹ́ ẹ po, o sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ọmọlúàbí ni inú rẹ̀ á rọ̀ nígbà tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tèmi le sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Àṣé orin tí mo fọwọ́ ara mi kọ fún un ló fi gba vina lọ́wọ́ mi."

Mo gbọ́ ohùn rẹ létí odò, mo yára dá ìwé padà, mo gbé vina sí èjìká. N kò rí i pé ẹrẹ̀ dúdú ti lẹ̀ mọ́ akèrègbè ìdí rẹ̀. O gbà á lọ́wọ́ mi, o sì dúpẹ́. Kò pẹ́ rárá tí Bàbá Dagdu tó ń lu aro fi pariwo pé, "Ẹrẹ̀ kí nìyí? Ta ló gbé vina kalẹ̀?" Omi ṣì ń kán ní irun rẹ. O wò mí. Mo wo odò. O ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ dárí jì mí." Bàbá Dagdu ní, "O káre, ọmọ Pune! Ṣé táyà lo rò pé o gbé sílẹ̀ ni? Ó gbé ọkọ̀ omi wá tán, ó rò pé òun ti ra Ọlọ́run mọ́ ọn!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba vina lọ́wọ́ rẹ, Buva sì gbé e kọ́ mi léjìká. Ìwọ lọ sẹ́yìn, o ń bu omi fún àwọn tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, o wọ bọ́ọ̀sì lẹ́bàá ọ̀nà, o padà sí Pune láìtíì rí ilé Vithoba, ṣùgbọ́n o fi ọkọ̀ omi sílẹ̀ fún wa. Gbogbo wa ló ń mu ún dé òpin ìrìnàjò. Èmi náà mu ún.

Mo ti gba ohun tí mo fẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá gbé vina, arúgbó àti ọmọdé ló ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń jó mi bí ẹ̀yinná. Lọ́jọ́ tí a wọ Pandharpur, ìyá tó bí mi dojú bolẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹsẹ̀ mi. Ṣé o rò pé ìlara mi tán lọ́jọ́ náà? Irọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, owó rẹ àti vina rẹ ni mò ń jowú. Nígbà tí vina dé èjìká mi, mo wá ń jowú èjìká rẹ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Nígbà tí a padà délé, ìyá rẹ wá bá mi lóko. Ó ní, "Kondya, kí ló dé tí ọmọ mi kì í wálé mọ́? Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ wo ló pọ̀ tí kò ní jẹ́ kó wá jẹun lọ́wọ́ mi? Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ fún mi." Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ kejì nìyẹn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tulsi tí a fi igi efinrin ṣe lọ́rùn mi, ìlẹ̀kẹ̀ tí èmi àti ìwọ jọ búra lé lọ́jọ́ kan náà pé irọ́ kò ní jáde lẹ́nu wa.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, mo lọ bá Buva níbi tó ti ń bomi rin efinrin ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò wo ojú mi, ó ń bomi rin efinrin lọ. Ó ní, "O pẹ́. Láti etí odò ni mo ti ń dúró dè ọ́. Ọmọ tó wà nínú omi, báwo ló ṣe máa gbé vina sílẹ̀ lábẹ́ igi?" Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì gbé e kọ́ mi lọ́rùn?" Ó ní, "Ẹrù rẹ ni. Bí mo bá tú àṣírí rẹ, olè tí wọ́n mú ni o jẹ́. Mo fẹ́ ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà." Mo bi í léèrè ìdí tí ìwọ fi gba ẹ̀bi náà. Ó ní, "Nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá lé òun, òun ní Pune tí òun lè lọ. Bí wọ́n bá lé ìwọ, níbo lo fẹ́ lọ? Ọrọ̀ tí ọmọ náà ní nìyẹn, ó sì ná an lé ọ lórí."

Vilas, n kò sunkún níwájú èèyàn rí láti ìgbà tí akọ màlúù wa ti kú. Mo sunkún sínú efinrin Buva.

Ní ọjọ́ ààwẹ̀ Ekadashi, lẹ́yìn orin, mo dìde nínú tẹ́ńpìlì, mo sọ ọ́ fún gbogbo abúlé. Bàbá Dagdu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Kondiba, ẹsẹ̀ rẹ tí mo fọwọ́ kàn ní ìgbà mọ́kànlá láti etí odò dé Pandharpur, báwo ni mo ṣe máa gbà á padà?" Ó sọ fún mi pé kí n wá fọwọ́ kan tòun ní ìgbà mọ́kànlá, ó sì jókòó, ó ń kà á sókè bó ti ń lọ. Lẹ́yìn èyí ló bú sẹ́kún, ó ní òun ti fi ọmọlọ́mọ ṣẹ̀sín. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bhakri gbígbẹ, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà lásán, ló ń gbé síwájú mi, kò sí ata, kò sí iyọ̀. Ìyá rẹ nìkan ló fọwọ́ kan orí mi. Ó ní, "Kọ̀wé sí i." Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí.

Vina wà lára ìṣó nínú tẹ́ńpìlì báyìí. Buva ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta okùn rẹ̀ títí ìwọ yóò fi wá gbé e. Eruku ti ń bà lé e. Ní alaalẹ́, orin wa ń lọ láìní ohùn vina, bí ilé tí baálé rẹ̀ rìnrìn àjò. Wá ní oṣù Kartik tí a tún máa rìn lọ sí Pandharpur, Vilas. Kí o má wá nítorí mi. Wá nítorí ìyá rẹ. Bí o bá dé tí o kò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, màá gbé àpò rẹ, màá máa rìn lẹ́yìn rẹ, n kò sì ní ṣí i wò.

N kò ní parọ́ fún ọ pé owú náà ti kú. Bí mo bá rí ọ pẹ̀lú vina, ó ṣeé ṣe kó tún ta mí lára. Ṣùgbọ́n ìrora yẹn ṣeé fara dà fún mi ju pé kí ìyá rẹ máa wo ojú ọ̀nà.

Kí Vithoba ṣọ́ ọ lójú títì. Kí ọwọ́ rẹ má gbẹ. Kí owó tó ń bá ọ gbé máa jẹ́ omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kí ó sì jẹ́ kí n fojú kàn ọ́ nígbà tí n kò tíì darúgbó sínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ, tí kò sì ní ẹlòmíràn,
Kondiba.

Mo tún rántí: Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni orin Buva ní. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo kọ fún ọ ní ìwé kẹjọ, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìkẹrin kúrò, nítorí ohùn rẹ dára ju tèmi lọ, n kò sì fẹ́ kí o kọ ọ́ pé. Ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín sínú lọ́jọ́ náà nìyẹn. Èyí tó kù nìyí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀:

Ọwọ́ tó di ìkúùkù kò gba ìbùkún,
ọwọ́ tó là sílẹ̀ ni Vithoba ń dì mú.
Ohun tí mo há mọ́ra ló há mi mọ́lé;
mo tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí.