Ọ́ìlì Tó Ń Jò Lára Ọkọ̀ Bàbá

Ilé Alátẹ̀,
Àrẹ̀mọ,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú ojú òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù tí kì í dá bọ̀rọ̀. Aya yín Deborah ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé ẹ̀kọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá ń jẹun, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Ojú wọn nìkan ni kò gbádùn mọ́. Tí mo bá wọlé báyìí, àfi kí n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ẹ óo máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dárúkọ ọkọ̀ Bàbá lórí fóònù ni ohùn yín ń ga, tèmi náà á ga, a ó sì gé e láìsọ ohun tó yẹ ká sọ. Bàbá fúnra wọn kò gbé ìpè yín mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ pé ẹ óo wá dáná sun ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ kí ẹ jókòó ka èyí tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Ẹ ní kí n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ. Mi ò pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ro ìdí rẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé nígbà tí Màmá kú, Bàbá bo ọkọ̀ náà, wọn ò sì fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n tó tún ń ṣáná sí i. Ní àárọ̀ Sátidé wọ́n á fọwọ́ wá ọ̀nà dé ìdí rẹ̀, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké, wọ́n á sì dẹtí sí i. Wọn kì í wà á lọ síbì kankan. Láìpẹ́, mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní omi òjò ni. Mo tún sọ, wọ́n ní ọkọ̀ àwọn kò jò rí láti ìgbà tí òyìnbó tó kọ́ àwọn níṣẹ́ ìtẹ̀wé ti tà á fún àwọn. Mo bá ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀kan tí òjò ńlá rọ̀, omi gbé ọ́ìlì náà jáde sínú ọ̀nà tóóró tí gbogbo wa ń gbà lọ síbi ẹ̀rọ omi.

Ibẹ̀ ni Ìyá Waliyat, aládùúgbò wa, yọ̀ ṣubú sí ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú garawa omi lórí. Ọrùn ọwọ́ wọn ṣẹ́. Mo gbọ́ igbe wọn láti inú ilé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọ́ìlì ti ba gbogbo aṣọ wọn jẹ́, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n má gbé àwọn dìde ná.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Alhaji Zakariyya tó jẹ́ olórí agboolé kejì wá pẹ̀lú àwọn àgbà mélòó kan. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá Dípọ̀, a ò wá bá yín jà. Ẹ mọ bí ilé ṣe fara kan ilé níbí. Lónìí ó dá obìnrin lọ́wọ́. Bí iná bá wá ràn mọ́ ọ́ìlì yẹn lọ́la ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn kúrò.”

Bàbá ní, “Ẹ fún mi láyè kí n wá ibi tó ti ń jò. Bí mi ò bá rí i, ẹnu ara mi ni n ó fi pe àwọn onírin.”

Wọ́n gbà, wọ́n sì lọ. Bàbá wá pè mí. “Bọ́lá, ṣé ọ́ìlì ni lóòótọ́?” Mo di ọwọ́ wọn mú dé ọ̀nà tóóró náà, mo rọra fà wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ náà kan ilẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì ra á, wọ́n gbé e sí imú. Wọ́n wà ní ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. “Ṣé ibí ni obìnrin náà ṣubú sí?” Mo ní ibẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí Bàbá bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí a sin Màmá.

Mo lọ pe Mikail, mẹkáníìkì kan ní Bẹyẹrunkà tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ tún ṣe. Ó rákò wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní ọ́ìlì síìlì tẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ló ti jẹ, àfi ká sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Bàbá ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì lè ti òkè ṣàn gba ara irin lọ sẹ́yìn kó tó kán sílẹ̀. Mikail ní òótọ́ ni, pé ìdọ̀tí ara ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ ju kí èèyàn fi ojú lásán mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

Kẹrosíìnì àti ọṣẹ la fi fọ̀ ọ́. Èmi náà mú búrọ́ọ̀ṣì. Mikail ń bọ́ sí ìsàlẹ̀, Bàbá ń fọwọ́ tọ́ ara ẹ́ńjìnnì láti mọ ibi tí ọ̀rá ṣì wà. Nígbà tó gbẹ, Mikail bu pọ́dà ọmọ ọwọ́, ó wọ́n ọn sí i yíká títí ó fi funfun. Ó ṣáná sí i. Níbi tí ọ́ìlì bá ti yọ, pọ́dà á rẹ, á sì dúdú.

Ara ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ló ti kọ́kọ́ dúdú. Inú gbogbo wa dùn. Mikail tú ìdérí náà, ó yọ gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín irin méjèèjì, tó ti gbẹ bí èèpo igi, ó fi tuntun sí i. Nígbà tí a tún wò ó, òkè ti dá, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú ẹ̀gbẹ́ le, ó tún gba iwájú yọ. Ó rẹ Mikail. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó ní, “Bàbá, ibi tí mo bá ti dí, ibòmíràn ló ń gbà jáde. Mi ò mọ ohun tí n ó ṣe fún un mọ́.”

Bàbá gbé orí sókè. “Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kí o ṣí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí. Fi ọwọ́ mi lé e.”

Mikail fi àtẹ́lẹwọ́ Bàbá bo ojú ihò náà. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ń tì mí.” Mikail gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ó wò mí, ó wo Bàbá. “Afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀! Kò ríbi mí.”

Páìpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbà jáde. Mikail tú u, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí ohun tó jáde. Ó fi wáyà gún un. Amọ̀ ló kún inú rẹ̀. Agbọ́n ló kọ́ ilé síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà wà ní bíbò, amọ̀ náà sì ti le bí bíríkì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà, ó ń ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo tí irin ti pàdé irin.

Mo kó amọ̀ náà lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n rún un wẹ́wẹ́. “Nígbà tí mo pa á tì ni,” ni wọ́n sọ.

Ọ̀rọ̀ síìlì ẹ̀yìn tí Mikail sọ náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí gbogbo òkè ti dá, ẹ̀yìn ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀. Ó wá síìlì tó bá a mu káàkiri, ó rí i, ó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. A tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaji Zakariyya fúnra wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ra páálí náà, wọ́n sì fi han àwọn tó tẹ̀lé wọn. Ó gbẹ. Wọ́n ní, “Alhamdulillah. Bàbá Dípọ̀, ọkọ̀ yín lè dúró.”

Bàbá dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n mú àwọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Waliyat. Ẹ̀gbọ́n mi, orí ìkúnlẹ̀ ni Bàbá wà níwájú obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi sọ fún mi pé ó ń jò. Mo kọ̀, mi ò gbọ́. Ẹ foríjì mí.” Ìyá Waliyat ń sunkún, wọ́n ń fi ọwọ́ tó kù fà wọ́n pé, “Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.” Nígbà tó yá, èmi ni mo fi ọkọ̀ náà gbé wọn lọ tú ohun tí wọ́n fi di ọwọ́ wọn nílé ìwòsàn. Ọwọ́ ti jinná, ó kàn ń ro wọ́n ni.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ní kí n wa àwọn jáde. A ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. A gba Ọjà'ba, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún wa, àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ń kí wọn láti ẹnu ìsọ̀. A gun òkè Màpó, mo sì pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Bàbá kọjú sí ìsàlẹ̀ bíi pé wọ́n ń rí gbogbo òrùlé ìlú.

Wọ́n ní, “Zakariyya ní kó dúró, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Àyè àdúgbò wa kò gbà á, èmi náà kò lè wà á mọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ jáde bíi pàǹtí ni.” Wọ́n tún ní, “Dípọ̀ rò pé mo fẹ́ràn irin ju òun lọ. Nínú ọkọ̀ yìí ni mo ti gbé òun àti ìyá rẹ̀ wálé lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí. Mo rọra wà á bíi pé ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá jókòó sínú rẹ̀ ní Sátidé, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń rántí.”

Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo rò pé ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá ní kí n kọ̀wé sí yín, kí n má pè yín. Ọkọ̀ náà di tiyín. Wọ́n ní kí ẹ wá fúnra yín ní Kérésìmesì, kí ẹ wà á kúrò nílé, kí àwọn jókòó tì yín títí tí ẹ óo fi jáde ní Ìbàdàn, kí èmi sì máa fi ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé yín lẹ́yìn láti gbé àwọn padà.

Ẹ bá mi kí aya yín, ẹ bá mi dì mọ́ àwọn ọmọ. Alhaji Zakariyya kí yín, Ìyá Waliyat náà kí yín. Kí Ọlọ́run Àdúrà pa yín mọ́ títí a ó fi rójú ara wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá. Bàbá ti ń bi mí bóyá ẹ óo rántí pé jíà rẹ̀ le díẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí yín,
Bọ́lánlé.